Ojú-Ewé Ọ̀sẹ̀ Tí Kò Tíì Dé

"Màmá Àgbà, ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀ kí n lè rí ìsàlẹ̀."

"Kí lo fẹ́ rí ní ìsàlẹ̀? Ìdí arúgbó ni, kì í ṣe sinimá."

Ọmọ ọmọ mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi mí sílẹ̀. Àárọ̀ Sátidé ni, nínú balùwẹ̀ wa tó há débi pé bí èèyàn méjì bá wà níbẹ̀, ọ̀kan gbọ́dọ̀ tọrọ àyè kó tó mí. Mo di etí garawa mú, omi ń kán lára mi, mo sì tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀. Ọmọ náà fi aṣọ ìnura nù mí láti ọrùn wá sí ìsàlẹ̀, ó ń wo gbogbo rẹ̀ fínnífínní. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Akọ̀wé ni mo ń pè é, nítorí òun ló ń kọ ìwé ara mi.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìwé náà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àwọn dókítà ti sọ fún mi pé mo ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, irú èyí tó máa ń rìn jẹ́jẹ́. Wọ́n ní ó lè bá mi gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ayálégbé tí kì í pariwo. Ṣùgbọ́n ó ń sọ àwọn ọmọ ogun inú ara di ọ̀lẹ, nítorí náà kí a máa ṣọ́ awọ ara mi, torí pé ohunkóhun lè gba ibẹ̀ wọlé. Ilé ìwòsàn wá fún wa ní ìwé kan, ojú-ewé kan fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ti tẹ ọjọ́ oṣù sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ya àwòrán èèyàn méjì sí i, ọ̀kan kọjú, èkejì kẹ̀yìn. Bí ẹni tó ń wẹ aláìsàn bá rí kókó tàbí egbò tuntun, yóò fi bírò sàmì sí ibẹ̀ lára àwòrán, yóò sì kọ bó ṣe tóbi tó. Bí kò bá rí nǹkan kan, yóò kọ "Kò sí", yóò fọwọ́ sí i. Ìyá ọmọ náà, ọmọ mi kan ṣoṣo, ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì, kì í sì í sí nílé láàárọ̀. Akọ̀wé ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́.

"Màmá Àgbà, kí ni eléyìí?"

Ìka rẹ̀ kàn mí ní ìdí ọ̀tún. Mo mọ ohun tó rí. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́wàá tí ọwọ́ tèmi náà ti bà á: kókó kan tó le, tó tóbi bí ẹ̀wà kan, tí kò dùn mí rárá.

"Eéwo ni," mo ní. "Aránṣọ ni mí. Ogójì ọdún ni mo ti fi ìdí yìí jókòó sórí àpótí. Bí ìdí bá fẹ́ ṣàròyé, ó lẹ́tọ̀ọ́."

"Ó pupa díẹ̀, ó sì ń dán. Ṣé kí n kọ ọ́?"

"Kọ ọ́ kí dókítà lè ní kí n tú aṣọ? Ṣé o mọ ẹni tí dókítà yẹn jẹ́? Èmi ni mo rán ṣòkòtò ilé-ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lẹ ìdí rẹ̀, torí pé ó máa ń fi ìdí yọ̀ lórí òkúta kiri. Èmi ni mo rí ìdí tirẹ̀. Òun kò ní rí tèmi láyé."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó tún wo ìwé náà.

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n kọ ohunkóhun tí mo bá rí."

"Ohun tó bá ní láárí ni wọ́n ń wí. Kọ 'Kò sí'. Kó tó di Sátidé tó ń bọ̀, á ti rọ̀."

Bírò rẹ̀ dúró lókè ìwé náà díẹ̀. Mo rí i bó ṣe dúró. Lẹ́yìn náà ó kọ ọ́: Kò sí. Mo ní kó ṣeun.

Akọ̀wé lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ni ilé-ìwé wọn yàn fún eré sísá tí ọ̀kan máa ń sá, tí yóò na ọ̀pá sí èkejì, òun ni wọ́n sì fi sí ìpele tó kẹ́yìn, níbi tí ariwo máa ń pọ̀ sí jù. Àárọ̀ Sátidé ni ìdánrawò wọn bọ́ sí, wákàtí tó yẹ kó máa wẹ̀ mí gan-an. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà lára àwọn mẹ́rin náà. Ẹnudùn là ń pè é, torí pé ó lè bẹ ajá títí ajá yóò fi sọ egungun sílẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, Ẹnudùn wá sílé wa. Mo wà nídìí máṣíìnì mi ní yàrá iwájú, àwọn wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Àwọn ọmọdé gbà pé ariwo máṣíìnì máa ń di etí àgbà.

"Ọ̀sẹ̀ mélòó ló kù kí ẹ tó padà lọ sí ilé ìwòsàn?" Ẹnudùn ló bi í bẹ́ẹ̀.

"Mẹ́fà."

"Kí lo máa ń kọ síbẹ̀?"

"Kò sí."

"Láti ìgbà tó o ti ń kọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nísinsìnyí, kí o sinmi. Ṣebí bí a ṣe ń kọ ìwé àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì ní kíláàsì nìyẹn. Ta ló ń fi òṣùwọ̀n ooru sínú omi gbígbóná lẹ́ẹ̀mẹwàá? O wò ó lẹ́ẹ̀kan, o fi ọgbọ́n orí kọ mẹ́sàn-án tó kù."

"Tí nǹkan bá wá yọ lára wọn ńkọ́?"

"Kí ló tún kù tó fẹ́ yọ lára arúgbó? Eyín?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu mi. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ yékéyéké, mo sì ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì mi lọ. N kò pe ọmọ náà. N kò wúkọ́. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bó bá ń lọ sá eré rẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò máa yọjú wo ìdí mi. Ẹ ò rí i pé àwa mẹ́ta la jọ parapọ̀ kọ ìwé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ẹyọ kan ló di bírò mú.

Láti ìgbà náà, mo ń wẹ ara mi bí mo bá ṣe lè wẹ̀ ẹ́. Akọ̀wé ń lọ sí pápá, ó ń padà wálé tòun ti òógùn àti ẹ̀rín. Kókó náà kò sì rọ̀. Ó kúrò ní ẹ̀wà, ó di bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Kó tó pé oṣù kan, ó ti di bọ́tìnnì kóòtù. Mo gbé tìmùtìmù sórí àpótí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá kan jókòó, bí adìyẹ tó fẹ́ sàba lórí ẹyin tí kò dá lójú.

Ọmọ náà rí i. "Màmá Àgbà, ṣé eéwo yẹn ti lọ?"

"Ó ti lọ," mo ní. "Kò tilẹ̀ dágbére."

Ó tún rẹ́rìn-ín. Ó fọkàn tán mi.

Ọjọ́ ilé ìwòsàn pé. Èmi àti Akọ̀wé la jọ lọ, torí pé ìyá rẹ̀ kò rí àyè gbà níbi iṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin tó sanra tó máa ń so gíláàsì ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ṣí ìwé náà.

"Ó dáa. Kò sí, kò sí, kò sí," ó ń ka á lọ bí ẹni ń ka orin. Ó wá ṣí ojú-ewé kan sí i, ó dúró. Ó gbé gíláàsì wọ̀. "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà, kò sí?"

Ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ Akọ̀wé.

"Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà wo lo lọ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí o fi dé? Ṣé ọ̀nà dára?"

Àwọn nọ́ọ̀sì méjì tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ṣi ojú-ewé kà; ó fẹ́ kọ mẹ́fà, ó kọ méje. Dókítà tó ń fọ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tábìlì gba ìwé náà. Ó wo bírò kan náà, ìkọ̀wé tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ìfọwọ́sí tó jọra bí ìbejì.

"Ọjọ́ wo lo kọ gbogbo èyí?"

"Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, sà."

"Ǹjẹ́ ohun kan wà tí o rí tí o kò kọ?"

Ọmọ náà wò mí. Mo gbójú sókè, mo ń wo àjà bí ẹni tó fẹ́ ra ilé náà.

"Kókó kan wà ní ìdí wọn lápá ọ̀tún, sà," ó ní. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje. Bí ẹ̀wà ló rí nígbà náà."

Dókítà yíjú sí mi. "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ nípa rẹ̀?"

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìwé yìí, ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ wò mí dáadáa. Mo ti tó àádọ́rin ọdún lé díẹ̀. Mo ti sin òkú, mo ti gbé ọmọ jó, kò sí yàrá tí mo wọ̀ tí ẹnu mi kì í gbà mí níbẹ̀. Ọjọ́ náà náà, ó gbà mí.

"Dókítà," mo ní, "ṣé mo lójú lẹ́yìn ni? Ọmọ yìí ni mo fi ṣe ojú. Kò sọ nǹkan kan fún mi."

Àwọn nọ́ọ̀sì tún rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì tẹ orí rẹ̀ ba. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà; ọwọ́ mi náà ló tẹ orí ọmọ.

Lẹ́yìn kọ́tìnnì, mo tú aṣọ. Dókítà kò rẹ́rìn-ín, kò sì rántí ṣòkòtò kankan. Ó fi rúlà wọn kókó náà, ó tẹ̀ ẹ́. "Ṣé ó ń dùn yín?"

"Kò dùn mí."

Mo rò pé inú rẹ̀ yóò dùn. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó fọwọ́ wá abẹ́ itan mi, ó dúró pẹ́ lójú kan níbẹ̀.

"Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ yín ló yọ sí awọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n tiyín ń rìn jẹ́jẹ́, èyí sì ń sáré. N kò fẹ́ méfò. Màá gé díẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn tó wà ní yàrá àyẹ̀wò wò ó."

Nígbà tí ọmọ mi ti ilé búrẹ́dì dé lọ́jọ́ náà, ìyẹ̀fun ṣì wà nírun rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti pè é. Kò pariwo; ì bá sàn kó pariwo.

"Eré sísá," ó sọ fún ọmọ rẹ̀. "Nítorí eré sísá. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo gbé lé ọ lọ́wọ́ nínú ilé yìí."

Akọ̀wé kúnlẹ̀ síbẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo ń jẹun lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ dáadáa: mo jẹun náà tán.

Lọ́jọ́ kejì, ó dá bàtà eré sísá padà fún olùkọ́ wọn. Ẹnudùn wá, ó ní kó má fìyà jẹ ara rẹ̀, ó ní, "Ṣé èmi kọ́ ni mo gbà ọ́ nímọ̀ràn?" Akọ̀wé ní, "Ìwọ gbà mí nímọ̀ràn. Èmi ni mo kọ ọ́." Ẹnudùn, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, yí padà lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ sílé.

Ọmọ náà padà sínú balùwẹ̀ pẹ̀lú mi, ojoojúmọ́ báyìí. Ó ń wẹ̀ mí, ó ń wò mí, ó ń kọ ọ́. "Ẹ gbé ọwọ́ sókè, mà. Ẹ yí, mà." Bí ọmọ iṣẹ́ ìjọba. Mo dá àpárá, àpárá náà jábọ́ sínú omi ọṣẹ. Balùwẹ̀ tó há yẹn wá fẹ̀ bí pápá.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ara mi kò gbà á mọ́. Mo bi í pé, "Kí ló dé tí o kò sọ fún ìyá rẹ pé èmi ni mo ní kí o má kọ ọ́?"

Ó fún aṣọ ìnura kó tó dáhùn. "Ẹ ti sọ tiyín níwájú dókítà, mà. Ta ni yóò gba tèmi gbọ́? Èmi tí mo kọ ọ̀sẹ̀ tí kò tíì dé?"

Ó gbé garawa, ó jáde. Mo jókòó níbẹ̀ títí omi fi gbẹ lára mi. Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé irọ́ kò dára. Gbogbo wa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé bí ọmọ bá pa irọ́ kékeré kan, àgbàlagbà lè gun orí irọ́ náà sá lọ.

Síbẹ̀ n kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bó ṣe rí.

Ní ọjọ́ kejìlá, wọ́n pè wá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó níwájú dókítà.

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wò ó," ó ní. "Wọ́n fi oríṣiríṣi aró sí i, wọ́n sì fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Jẹjẹrẹ awọ ara ni. Kì í ṣe ẹ̀ka èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín. Ọ̀tọ̀ ni, kò sì wọ́pọ̀ rárá. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti rí i rí. Kì í dunni, ìdí nìyẹn tó fi máa ń tan èèyàn jẹ. Àwọn arúgbó àti àwọn tí agbára ara wọn ti dínkù ló máa ń mú jù."

"Jẹjẹrẹ méjì?" ọmọ mi bi í. "Lára ẹnì kan ṣoṣo?"

"Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀kan dá ẹ̀ṣọ́ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, èkejì gba ẹnu ọ̀nà wọlé. A ó gé èyí kúrò, a ó sì gé kókó tí ọwọ́ mi bà lábẹ́ itan yín lọ́jọ́sí, torí pé ó ti dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìtọ́jú onítànṣán, tí yóò jó ohun tó bá ṣẹ́kù."

"Ká ní a ti mú wọn wá nígbà tó ṣì wà bí ẹ̀wà ńkọ́?"

Dókítà wo tábìlì rẹ̀. "N kò lè búra. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méje pọ̀ fún irú eléyìí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí awọ nìkan là bá ti bá a."

Ọmọ mi yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Bí ohunkóhun bá ṣe ìyá mi, mọ̀ pé ìwọ lo…"

"Dákẹ́," mo ní.

Mo di etí tábìlì mú. Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ dá àpárá, torí pé ọ̀nà yẹn nìkan ni ẹnu mi mọ̀. Kò sí àpárá níbẹ̀.

"Mo mọ̀ nípa kókó yẹn kí ọmọ yìí tó rí i. Ó bi mí pé ṣé kí òun kọ ọ́, mo ní kó má kọ ọ́. Mo gbọ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ọ bó ṣe máa kọ ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, mo dákẹ́. Ó bi mí bóyá ó ti lọ, mo ní ó ti lọ. Níbí yìí, níwájú yín, mo ní kò sọ fún mi. Irọ́ ni. Ojú ń tì mí láti tú aṣọ, ni mo ṣe tú ti ọmọ yìí síta."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì tó so gíláàsì mọ́ ọrùn yíjú sí fèrèsé. Ọmọ mi ń wò mí bí ẹni tó pàdé àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

"Ọjọ́ méjìlá," ó ní jẹ́jẹ́. "Màmá, ẹ jókòó, ẹ ń wò mí, mo ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí ọmọ yìí fún ọjọ́ méjìlá."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Akọ̀wé wá sọ̀rọ̀, dókítà ló sì kọjú sí. "Èmi náà jẹ̀bi, sà. Màmá Àgbà ní kí n má kọ ti ọjọ́ kan. Àwọn tó kù, n kò wò wọ́n kí n tó kọ wọ́n. Kò sẹ́ni tó di ọwọ́ mi mú."

Mo bẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, níwájú gbogbo wọn. Mo ní, "Ọmọ mi, má bínú, mo ṣẹ̀ ọ́." Ó ní, "Mo gbọ́, mà." Ó gbọ́ ni, kò ní òun ti gbàgbé. N kò fi ipá bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fà á mọ́ra, ìyẹ̀fun ẹ̀wù rẹ̀ sì kun ọmọ náà lójú.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ọjọ́ ìdíje wọn bọ́ sí ọ̀sẹ̀ yẹn. Ẹlòmíràn ló sá ìpele tó kẹ́yìn, wọ́n sì ṣe ipò kẹrin. Olùkọ́ ní bí Akọ̀wé bá fẹ́, ààyè rẹ̀ wà lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ní òun yóò rò ó.

Ní báyìí, ìtànṣán ni mò ń lọ gbà. Dókítà kò ṣèlérí fún mi, èmi náà kò sì bi í. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó mú àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà wá, àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ó ní wọ́n lè má rí irú rẹ̀ mọ́ títí wọn yóò fi dàgbà nínú iṣẹ́. Ǹjẹ́ mo lè jẹ́ kí wọ́n wo ojú àpá náà? Ojú tì mí, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò tíì ní irùngbọ̀n. Mo tú aṣọ náà, mo ní kí wọ́n súnmọ́ mi, kí wọ́n wò ó yó.

"Ta ló kọ́kọ́ rí i, mà?" ọ̀kan nínú wọn bi mí, ó ti gbé bírò rẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, aṣọ mi wà lápá rẹ̀.

"Òun ló rí i," mo ní. "Ó tọ́ka sí i fún mi nígbà tó kéré. Èmi ni mo sọ pé kò sí. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ọ̀dọ́ náà kọ ọ́. Akọ̀wé na ọrùn, ó wo ohun tó kọ bóyá ó pé, ó sì mi orí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má kọ ohun tí ẹ kò rí. Bí ẹ bá rí nǹkan, ẹ sọ ọ́, kódà bí àgbà bá fi ẹ̀rín di yín lẹ́nu, torí pé àrùn kì í bá wa rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá sì ṣẹ̀, ẹ tètè gbé ìtìjú yín fúnra yín. Bí a kò bá gbé e, ẹlòmíràn ni yóò gbé e, ẹni náà sì sábà máa ń kéré sí wa. Ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó yẹ kó tì mí.